Káàdì Ẹ̀bùn Tó Di Gbèsè: Àlàyé Lórí Ohun Tí Òyìnbó Ń Pè Ní Administration

Ní ọjọ́ 9, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2013, ilé iṣẹ́ Jessops, tí ó ń ta kámẹ́rà àti àwọn èròjà rẹ̀ káàkiri Ìlú Ọba, wọ administration, ìyẹn ni pé gbèsè bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi í sábẹ́ alábòójútó tí òfin là sílẹ̀. Ọdún 1935 ni Frank Jessop dá a sílẹ̀ ní ìlú Leicester, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ti di 187 nígbà tí wàhálà náà dé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù náà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ti ìlẹ̀kùn, nǹkan bí 1,370 òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Kérésìmesì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ó sì wà lára àwọn oníbàárà tí káàdì ẹ̀bùn Jessops, èyí tí a ń fi owó rà ṣáájú kí a lè fi rajà níbẹ̀ tó bá yá, ṣì wà lápò wọn láìtíì ná an. Àwọn alábòójútó tí wọ́n yàn láti PwC, ilé iṣẹ́ àwọn olùṣirò owó, kéde pé káàdì náà kò ṣeé fi rajà mọ́, àti pé àwọn kò ní gba ọjà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá padà.

Ìbéèrè tí ó jáde lẹ́nu àwọn oníbàárà kò ṣòroó lóye. Owó ti wọ àpò ilé iṣẹ́, ọjà ṣì wà lórí àtẹ, èwo wá ni pé káàdì kò ṣiṣẹ́ mọ́? Ẹni tí inú ń bí lè pè é ní olè jíjà, mi ò sì ní dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, òfin ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, òfin ọ̀hún sì ní ìdí tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí náà kì í tu ẹni tí owó rẹ̀ há nínú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Lédè wa, bí gbèsè bá bo ilé iṣẹ́ kan mọ́lẹ̀, a ó ní ó ti kógbá sílé, a kì í sì í sábà bèèrè irú kíkógbá sílé tí ó jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara nìkan ni òfin ń lo ọ̀rọ̀ náà bankruptcy fún. Ilé iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lè wọ administration, tàbí kí wọ́n tú u ká pátápátá, èyí tí wọ́n ń pè ní liquidation. Ní Amẹ́ríkà ọ̀rọ̀ kan náà ló wà fún ènìyàn àti ilé iṣẹ́, nọ́ńbà orí tí ó wà nínú ìwé òfin ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ritz Camera, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbẹ̀ tó nǹkan bí 800, sá sábẹ́ Orí 11 ní oṣù Èrèlè ọdún 2009, nítorí pé ó ṣì fẹ́ máa tajà bí ó ti ń tún gbèsè rẹ̀ tò. Ó tún padà síbẹ̀ ní oṣù Òkúdù ọdún 2012, kò sì rí ara gbé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Calumet Photographic ní tirẹ̀ gba Orí 7 lọ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2014, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n ta gbogbo ohun tó wà, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀.

Ibi tí administration wà nínú gbogbo èyí lè yé wa dáadáa bí a bá rántí ológò. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, olówó tí ó ti bẹ onígbèsè títí tí kò rí owó gbà lè rán ológò sí i. Ológò yóò wọlé dógò ti onígbèsè, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa pàṣẹ oúnjẹ, yóò sì máa mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá kọjá níwájú rẹ̀, títí ara yóò fi ni gbogbo agboolé tí wọn yóò fi wá owó náà jáde. Bí olówó bá jẹ́ ẹnì kan, ọ̀nà yìí yá. Bí olówó bá wá tó ọgọ́rùn-ún tí oníkálukú wọn rán ológò tirẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó tètè dé yóò kó ẹran lọ, ẹni tó kẹ́yìn yóò bá ilé òfìfo, onígbèsè kò sì ní rí àyè lọ sí oko tí ì bá fi san ohunkóhun.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí administration ń ṣe ni pé ó ń dá gbogbo ológò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti yan alábòójútó, ẹni tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà kò lè já wọlé kó ẹrù nítorí owó ilé tí wọn kò san, ẹni tó sì kó kámẹ́rà fún wọn ní àwìn kò lè gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, àyàfi bí alábòójútó tàbí adájọ́ bá fún un láṣẹ. Òfin Insolvency Act ti ọdún 1986 ni ó fi ìlànà yìí lélẹ̀, Enterprise Act ti ọdún 2002 sì tún un ṣe. Alábòójútó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn olùṣirò owó ló sì sábà máa ń jẹ́. Òfin ní kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba ilé iṣẹ́ náà là bí ó ti wà. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí ó wá ọ̀nà tí ohun tí yóò kan àwọn olówó lápapọ̀ yóò fi ju èyí tí wọn ì bá rí lọ bí wọ́n bá tú ilé iṣẹ́ náà ká lójú ẹsẹ̀. Bí èyí náà bá já sí òfo, kí ó ta ohun tó bá rí tà, kí ó sì fi san gbèsè àwọn tí òfin fún ní ipò iwájú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn olówó lápapọ̀ ni alábòójútó ń ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ èyí. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, wọ́n ń rán an létí iye ọdún tí wọ́n ti ń rajà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ibi tí òfin ti fún un láyè láti fi owó gbogbo olówó ṣe ojúrere sí ẹnì kan, bó ti wù kí ẹni náà ti jẹ́ oníbàárà pẹ́ tó.

Àwọn olówó wọ̀nyí kò dọ́gba, wọ́n wà lórí ìlà. Ẹni tí ó gba ohun kan pàtó, irú bí ilé, ní ìdúró fún owó tó yá wọn, ló ń kọ́kọ́ gba owó rẹ̀ lára ohun náà. Wọn yóò yọ owó iṣẹ́ àbójútó fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ ní owó oṣù, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí èyí tó wà ní ipò iwájú lórí owó oṣù ju 800 pọ́ọ̀nù lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2013 yẹn, báǹkì tí ìdúró tirẹ̀ jẹ́ ọjà tó ń wọlé tó ń jáde ló tẹ̀lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin máa ń ní kí wọ́n bu díẹ̀ lára owó yẹn fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn yìí ni àwọn tí kò gba ìdúró kankan: ẹni tó kó ọjà fún wọn ní àwìn, ẹni tó tún iná ṣe, ẹni tó bá wọn tẹ ìwé ìpolówó. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni àwọn tó ní ìpín ìdókòwò, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ohunkóhun tó ṣẹ́ kù dé ọ̀dọ̀ wọn. Báǹkì mọ ìlà yìí dáadáa kí ó tó yáni lówó. Ní ọdún 2009, nígbà tí gbèsè ti ń fún Jessops lọ́rùn, HSBC fi nǹkan bí 34 mílíọ̀nù pọ́ọ̀nù nínú owó tí ilé iṣẹ́ náà jẹ ẹ́ sílẹ̀, ó sì gba ìpín 47 nínú ọgọ́rùn-ún dípò rẹ̀. Ẹni tó ra káàdì ẹ̀bùn fún ọmọ rẹ̀ kò jókòó bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Níbo wá ni oníbàárà oníkáàdì wà? Ó wà láàrin àwọn tí kò gba ìdúró. Gbogbo wa la mọ àwìn: ọlọ́jà gbé ọjà fún wa, a sì jẹ ẹ́ ní owó. Káàdì ẹ̀bùn yí àwìn padà, nítorí pé oníbàárà ti san owó, ọlọ́jà ló wá jẹ ẹ́ ní ọjà. Láti ọjọ́ tí ènìyàn bá ti ra káàdì 50 pọ́ọ̀nù ni ó ti yá ilé iṣẹ́ náà ní 50 pọ́ọ̀nù, láìsí èlé, láìsí onídùúró, láìsí ohun ìdúró. Ó jọ owó tí a ń dá fún alájọ lójoojúmọ́. Bí alájọ bá ń jí wá láràárọ̀, a kì í rántí pé gbèsè ni owó náà jẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ tí gbèsè mìíràn bá ká a mọ́ ni a máa ń mọ̀ pé àwa nìkan kọ́ ni à ń dúró dè é. Bí alábòójútó bá wá gbé kámẹ́rà 50 pọ́ọ̀nù fún oníkáàdì kan, ó ti san gbèsè ẹni yẹn ní kíkún, nígbà tí ẹni tó kó ọjà wá ní àwìn lè máà rí ju kọ́bọ̀ díẹ̀ gbà lórí pọ́ọ̀nù kan.

Ohun kan wà tí ó yàtọ̀ pátápátá, ó sì yẹ kí á dúró lé e lórí nítorí pé àwọn oníkámẹ́rà gan-an ló kàn. Bí ènìyàn bá gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ fún àtúnṣe, tí ilé iṣẹ́ náà sì wọ administration kí ó tó padà lọ gbé e, kámẹ́rà náà kò di ara ohun tí wọ́n lè tà. Ohun ìní rẹ̀ ni, ó kàn fi í síkàáwọ́ wọn ni. Wọ́n lè mú un dúró títí yóò fi san owó àtúnṣe tó bá kù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi san gbèsè ẹlòmíràn. Ẹ wá wo ẹni tó san owó sílẹ̀ fún kámẹ́rà tuntun tí kò tíì dé. Bí kò bá sí kámẹ́rà kan pàtó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un, kò ní ohun ìní kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà, gbèsè ló ní. Àwọn méjì lè dúró níwájú ìlẹ̀kùn títì kan náà, kí ọ̀kan gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ sílé, kí èkejì sì gba fọ́ọ̀mù tí yóò fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé HMV tí ó ń ta àwo orin kò gba káàdì ẹ̀bùn ni? Lóòótọ́ ni. HMV náà wọ administration nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2013 yẹn kan náà, àwọn alábòójútó rẹ̀ kọ́kọ́ kọ káàdì, ariwo sọ káàkiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láti ọjọ́ 22. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé HMV ṣì ń tajà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò rà á gẹ́gẹ́ bí òwò tó ṣì ń mí. Orúkọ tí inú ń bí oníbàárà sí kò ní mú owó gidi wá. Gbígba káàdì lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ èrè fún gbogbo olówó. Ní ti Jessops, ṣọ́ọ̀bù ti ń tì, kò sì sí ọ̀la kankan tí wọ́n ń fi káàdì tọ́jú. Àánú àwọn ti HMV kò ju ti àwọn ti Jessops lọ. Ìṣirò ló yàtọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún oníbàárà láti gba owó rẹ̀, kò sì kan alábòójútó rárá. Lábẹ́ abala 75 nínú òfin Consumer Credit Act ti ọdún 1974, bí ènìyàn bá fi káàdì àyálò báǹkì ra ohun kan tí iye rẹ̀ ju 100 pọ́ọ̀nù lọ tí kò sì ju 30,000 pọ́ọ̀nù, ilé iṣẹ́ tó ni káàdì náà ń pín ẹ̀bi pẹ̀lú ọlọ́jà. Kámẹ́rà tó dára kì í sábà wálẹ̀ ju 100 pọ́ọ̀nù lọ, nítorí náà ẹni tó fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ san owó sílẹ̀ lè kọ̀wé sí báǹkì rẹ̀. Ẹni tó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra káàdì ẹ̀bùn 20 pọ́ọ̀nù kò ní irú ẹ̀tọ́ yìí.

Kì í ṣe ìbínú nìkan ni àwọn oníbàárà fi hàn. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ di kámẹ́rà gidi mú, tí òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa lẹ́ńsì sì fara balẹ̀ dá wọn lóhùn. Ìtìjú díẹ̀ sì tún wà. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ gíláàsì ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Jessops ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà pé wọ́n ń bá Amazon rajà. Òkò ọ̀rọ̀ ni, ó sì bà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀bù wá yẹ kámẹ́rà wò, wọ́n á bèèrè gbogbo ìbéèrè, wọ́n á sì padà sílé lọ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí owó rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Èmi kò gbà pé àwọn nìkan ló pa Jessops. Fóònù alágbèéká ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà kékeré, owó ilé ṣọ́ọ̀bù 187 kì í ṣe owó ọ̀fẹ́, gbèsè báǹkì sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2013 kan náà, ṣọ́ọ̀bù Jessops tún ṣí, lábẹ́ Peter Jones, oníṣòwò tí àwọn ará Ìlú Ọba mọ̀ dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ó ra orúkọ náà. Èyí máa ń da ènìyàn láàmú: orúkọ kan náà, àkọlé kan náà lẹ́nu ọ̀nà, èwo ni ti pé gbèsè kò tẹ̀lé e? Lójú òfin, ilé iṣẹ́ tuntun ni. Orúkọ jẹ́ ọjà tí alábòójútó lè tà, kí owó rẹ̀ bọ́ sínú àpò tí wọn yóò pín fún àwọn olówó, ṣùgbọ́n gbèsè ṣì wà lọ́rùn ilé iṣẹ́ àtijọ́, kò sì pọn dandan kí ẹni tó bá ra orúkọ san án àfi bí ó bá fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà kò ní administration nínú òfin ilé iṣẹ́ rẹ̀ títí di ìgbà tí òfin CAMA ti ọdún 2020 mú un wọlé. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ tí gbèsè bá bò mọ́lẹ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lè gba ọ̀nà yìí bíi ti Leicester, oníbàárà tó bá sì ti san owó sílẹ̀ níbẹ̀ láìgba ìdúró yóò bá ara rẹ̀ láàrin àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìlà.