Ìrù Ajá Yàtọ̀ sí Ìrù Ológìnní

Bí ajá àti ológìnní bá jọ wà nínú agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ pé ajá ló mọ olówó rẹ̀, ológìnní ò mọ ẹnì kan. Wọ́n á ní ẹ pe ajá lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé. Ẹ pe ológìnní títí, á kàn yí etí, á sì máa bá oorun rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, torí etí tó yí yẹn gan-an ni ìdáhùn. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Jàpáánù gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí gígùn wọn bá orúkọ ológìnní mu, wọ́n wá pe orúkọ náà tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni ẹranko náà ń dákẹ́ sí i, àmọ́ bí wọ́n ṣe dé orí orúkọ rẹ̀, etí àti orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó gbọ́ dáadáa. Dídìde ni kò sí nínú àdéhùn tó bá ènìyàn ṣe.

Ti ajá ò gba àlàyé púpọ̀. Ara ìkookò ló ti wá, ó sì ti lé ní 15,000 ọdún tó ti ń bá àwọn ọdẹ rìn. Ìlú tí Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tó jẹ́ ọdẹ tẹ̀ dó kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ ohun tí ajá jẹ́ fún ọdẹ fún un. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: gbígbọ́ ìpè ni iṣẹ́ ajá, àtìrandíran ni wọ́n sì ti ń yan èyí tó ń gbọ́ láti fi ṣe irú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ajá ni àwọn àgbà máa ń sọ lórúkọ tí wọ́n fi ń pòwe sí aládùúgbò. Bí ajá bá ń jẹ́ Tanímọ̀la, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ké pè é ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ò lè fi ológìnní rán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ológìnní ò bá ọdẹ dé. Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, ní Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn Ayé tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn ń kó ọkà sínú àká, eku tẹ̀ lé ọkà, ológìnní igbó sì tẹ̀ lé eku. Kò sẹ́ni tó pè é. Ní erékùṣù Cyprus, wọ́n hú egungun ológìnní kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ erékùṣù náà kò ní ológìnní tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e débẹ̀. Ayálégbé ni ológìnní, owó ilé rẹ̀ sì ni eku. Ayálégbé tó ń san owó déédéé, ta ni yóò máa rán an níṣẹ́ láàárọ̀? Bó bá wọlé, á kí yín. Bó bá fẹ́ jókòó tì yín nírọ̀lẹ́, á jókòó. Bí ilé ò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò ní bá yín jà, á kó lọ sí ilé kejì. Àwọn ológìnní mìíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ń gba oúnjẹ ní ilé méjì, tí onílé kọ̀ọ̀kan sì rò pé tòun nìkan ni. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá wà nínú ètò yìí, torí pé nígbà tí ẹbí bá rin ìrìn àjò, ọmọ ilé tó jẹ́ ajá ni yóò máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà, tí kò ní fẹ́ jẹun. Ayálégbé mọ bí òun ṣe ń tọ́jú ara òun.

Ibi tí gbogbo nǹkan ti ń dàrú ni ìrù. Bí ajá bá ń ju ìrù, inú rẹ̀ sábà máa ń dùn. Àwọn onímọ̀ ní Ítálì tilẹ̀ rí i ní ọdún 2007 pé bó bá rí olówó rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ìrù náà máa ń lọ jù, bó bá sì rí ajá àjèjì tó ń halẹ̀, ọwọ́ òsì. Ológìnní tó bá ń fi ìrù na ilẹ̀ pá pá pá ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ìkíni tirẹ̀ ni kó na ìrù sókè gan-an, kí ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ ológìnní ṣe máa ń ṣe bó bá ń lọ bá ìyá rẹ̀. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń pàdé nínú ọgbà: ajá dojú kọ ológìnní tààrà, ó ń ju ìrù, ó tẹjú mọ́ ọn. Ní ti ológìnní, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn ń wá ìjà. Ó fi ìrù na ilẹ̀. Ajá rí ìrù tó ń lọ tó ń bọ̀, ó ní, "Ó fẹ́ bá mi ṣeré!" Ó sún mọ́ ọn sí i. Èékánná bá a nímú. Àwọn tó ń wòran á ní wọ́n kórìíra ara wọn látọ̀run wá, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò gbọ́ èdè ara wọn ni.

Àwa náà ń ṣe bíi ti ajá yẹn. Ajá tó bá dùbúlẹ̀ tó ṣí ikùn fẹ́ kí ẹ họ ọ́ fún òun. Ológìnní tó ṣe bẹ́ẹ̀ fọkàn tán yín lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kan ikùn náà á rí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ wò ó, kí ẹ rọra di ojú, kí ẹ sì rọra là á. Ìwádìí kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020 fi hàn pé ológìnní máa ń dá a padà, ó sì máa ń fẹ́ sún mọ́ ẹni tó bá ṣe é. Igbe rẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn ológìnní tó ti dàgbà kì í sábà ké sí ara wọn bẹ́ẹ̀. Igbe tí wọ́n fi ń pe ìyá wọn ní kékeré ni wọ́n ń bá bọ̀ tí wọ́n fi ń pe ènìyàn. Ẹranko tí wọ́n ní kò mọ ẹnì kan nìyẹn o.

Igbe òru tó dà bí ẹkún ọmọ, tí àwọn kan ń sọ pé ti àjẹ́ ni, abo tó ń wá akọ ló sábà ń ké e, tàbí àwọn akọ tó ń jà. Ojú tó ń kọ mànà lókùnkùn wà lára ajá náà. Kò sẹ́ni tó pe ajá ní àjẹ́.

Ní ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, àjẹkù àmàlà ni oúnjẹ ajá, ó sì bá a lára mu. Àwọn onímọ̀ ní Sweden fi hàn ní 2013 pé àbùdá tó ń lọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára ajá ju ti ìkookò lọ. Ara ológìnní ò lè lọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹran tàbí ẹja ló gbọ́dọ̀ jẹ, torí inú wọn ni èròjà tí wọ́n ń pè ní taurine wà. Bí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kan àwọn méjèèjì bákan náà: láti oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bí èyíkéyìí bá bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn, kékeré ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ọmọ ológìnní máa ń mọ ẹni tó jẹ́ ará ilé. Ti ọmọ ajá máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ológìnní bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé, ẹ fún un ní yàrá kan ná, ẹ gbé aṣọ tó sùn lé fún ajá gbóòórùn, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ wá so ajá mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó rí ara wọn, kí ibi gíga kan sì wà tí ológìnní lè fò sí. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwo ẹja rẹ̀ náà, ibi gíga yẹn ni kó máa wà, torí tológìnní ni ajá máa kọ́kọ́ jẹ kó tó padà sídìí tirẹ̀.