Ihò òrùlé yẹn kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́

Ọdún 2011 ni wọ́n ṣí ilé tí wọ́n ti ń gbàlejò ní VanDusen, ọgbà ewéko kan ní Vancouver ní Kánádà. Òrùlé ẹ̀ rí bí òdòdó orchid, wọ́n gbin ewéko sórí ẹ̀, omi òjò ni wọ́n ń kó jọ lò, omi ṣáláńgá gan-an, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ihò gíláàsì tó wà láàárín òrùlé lọ̀rọ̀ wà.

Téèyàn bá ti gbọ́ pé oòrùn ló ń ṣiṣẹ́ níbì kan, páńẹ́ẹ̀lì àti ínfátà ló máa sáré sí wa lẹ́nu. Páńẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ihò yìí ò bá a tan. Oòrùn gba gíláàsì wọlé, ó bá alumíníọ̀mù tí wọ́n lu jára lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn gbóná, atẹ́gùn tó yí i ká náà gbóná, ó fúyẹ́, ó gbòkè jáde, bó ṣe ń jáde ni tuntun ń gba fèrèsé ìsàlẹ̀ wọlé. Bíi kòròpe ní Maraba n'Ílọrin ni, èrò méjì ò tíì bọ́ọ́lẹ̀ tán tí méjì míì ti kira bọnú ẹ̀, àfi pé èyí ò ní kọ̀ńdọ́, kò sẹ́ni tó ń jà nítorí ṣéńjì, kò sẹ́ni tó ń ní ẹ sún sínú, ọkọ̀ kàn ń lọ ni.

Ẹ wá wo gbọ̀ngàn wòlímọ̀ ní Ìlọrin lóṣù kẹta. Páànù lókè, sílíìnì lábẹ́ ẹ̀, wọ́n kàn án pa, kò síhò kankan. Gbogbo ooru kó jọ sókè, a wá tan fáànù, fáànù ń gbá ooru ọ̀hún padà lé àwọn álífáà lórí, òógùn ti mu agbádá wọn, wọ́n ní iná ò lágbára. Iná wo?

Àléébù ihò gíláàsì yẹn ni pé atẹ́gùn tó bá fà wọlé ò lè tutù ju ibi tó ti fà á wá lọ, Vancouver ò sì gbóná bíi tiwa. Téèyàn bá kọ́ irú ẹ̀ síbí, tí fèrèsé ìsàlẹ̀ wá dojú kọ kọnkéré tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀, ooru ló máa fà wọlé. Abẹ́ máńgòrò tàbí dóńgóyárò ló yẹ kó ti máa fà á, ìdí tó fi bá inú ọgbà mu nìyẹn. Tí ọyẹ́ bá sì dé, kí wọ́n rántí pa fèrèsé yẹn dé, torí eruku ò ní í sanwó kó tó wọkọ̀.