Ọfà mẹ́ta ìdí ike kì í ṣe ìlérí pé wọ́n máa tún un lò

Bí ẹ bá yí ìdí ike sókè, ẹ ó sábà rí ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn yípo, tí nọ́ńbà kan sì wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ohun tí àmì yìí ń sọ ni pé ike náà ṣeé tún lò, pé téèyàn bá ti lè jù ú sínú garawa tó yẹ, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sì fi ṣe nǹkan mìíràn. Àmì náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Irú ike tí wọ́n fi ṣe nǹkan náà ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, ibẹ̀ ló sì parí sí.

Lọ́dún 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ike ní Amẹ́ríkà gbé nọ́ńbà náà jáde, láti 1 dé 7, kí àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí lè mọ ìyàtọ̀. 1 ni PET, tí wọ́n fi ń ṣe ike omi. 2 ni HDPE, ike líle tí wọ́n ń rọ mílíìkì tàbí ọṣẹ olómi sí. 4 wọ́pọ̀ lára ọ̀rá, 6 lára fóòmù funfun tó fúyẹ́. Ẹ wá wo 7: gbogbo ike tí kò bọ́ sínú mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n po oríṣiríṣi pọ̀ ṣe. Ta ló fẹ́ ra ohun tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Síbẹ̀, ọfà kan náà ni wọ́n yà yí i ká. Láti ọdún 1970 sì ni ọfà yẹn ti jẹ́ àmì àtúnlò, nítorí náà mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó ṣì í kà. Lọ́dún 2013, àjọ ASTM tó ń bójú tó nọ́ńbà wọ̀nyí fi onígun mẹ́ta lásán rọ́pò ọfà, ṣùgbọ́n ike tí ọfà ṣì wà lára rẹ̀ pọ̀ lọ jàra.

Kí ike tó di nǹkan tuntun, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kó o, kó ṣà á sọ́tọ̀, kó fọ̀ ọ́, kó lọ̀ ọ́, kó yọ́ ọ, kó sì rí ẹni tó máa rà á. Ibi ríra yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń há sí. PET àti HDPE ní oníbàárà. Àpò ìpápánu tí wọ́n lẹ ike àti alumíníọ̀mù pọ̀ ṣe kò ní, torí pé owó tí wọ́n máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ju iye tí wọ́n máa tà á lọ. Ti ike dúdú tún yàtọ̀: àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń dá ike mọ̀ mì, ẹ̀rọ kò ní rí i, ààtàn ló ń gbà lọ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì bá sì wálẹ̀, ike tuntun lè dínwó ju èyí tí wọ́n tún ṣe lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ á sì yà síbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 ṣírò gbogbo ike tó ti di ìdọ̀tí títí di ọdún 2015: nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n tún lò.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìgbàgbọ́ yìí ni ẹni tó ń di ẹ̀bi rù. Ẹni tó ń fara balẹ̀ fọ ike nínú ilé rẹ̀ á rò pé ọwọ́ òun ni gbogbo rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pinnu ibi tí ike náà máa parí sí lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ yan ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn orílẹ̀-èdè olówó fi ń kó ike ránṣẹ́ sí Ṣáínà, tí wọ́n sì ń kà á sí àtúnlò. Lọ́dún 2018, Ṣáínà tilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ìlú kò sì mọ ibi tí wọ́n máa kó o sí mọ́.

Níbi tí nǹkan ti yí padà, òfin ló yí i. Lọ́dún 1991, Jámánì ṣòfin pé ẹrù kíkó ìdìpọ̀ ọjà di ti àwọn tó ń ṣe ọjà náà àti àwọn tó ń tà á. Lọ́dún 2003, owó ìdógò wọlé: ẹni tó bá ra ohun mímu inú ike tó wà lábẹ́ òfin náà á fi sẹ́ńtì 25 sílẹ̀, á sì gbà á nígbà tó bá dá ike náà padà. Lithuania bẹ̀rẹ̀ irú èyí lọ́dún 2016. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ike ohun mímu ló ń padà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún kejì, ó ti lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ike tó bá sì gba ọ̀nà yìí wọlé máa ń mọ́, torí kò bá ìdọ̀tí yòókù pọ̀.

Kíkó nìkan kò tó, ọjà gbọ́dọ̀ wà fún un. Ìdí nìyẹn tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi pàṣẹ pé láti ọdún 2025, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú ike PET ohun mímu gbọ́dọ̀ jẹ́ ike àtúnlò, kó di ìdá 30 nínú gbogbo ike ohun mímu lọ́dún 2030. Owó orí ni Bírítéènì lò: láti oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n ń gba owó lórí ike ìdìpọ̀ tí ike àtúnlò inú rẹ̀ kò tó ìdá 30, 200 pọ́n-ùn lórí tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Kalifọ́níà ní tirẹ̀ kọjú sí ọfà náà gan-an: òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021 kò gbà kí wọ́n yà á sára ohun tí wọn kì í kó jọ fún àtúnlò níbẹ̀ ní tòótọ́.

Títí irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ yín, ohun tí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí yín sọ pé àwọn ń gbà ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ fi ọfà sílẹ̀. Ike tí wọn kò gbà, tí ẹ bá jù ú mọ́ àwọn yòókù, lè ba èyí tó dára jẹ́. Bí aṣòfin kan bá sì wá sọ fún yín pé òun fẹ́ mú àtúnlò gbòòrò, ẹ bi í léèrè ẹni tó máa sanwó rẹ̀, ẹni tó máa ra ike náà, àti èwo nínú àwọn ike tí kò ní oníbàárà ni òfin rẹ̀ máa ní kí wọ́n yé ṣe.