Ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà, tó sì ń jí fúnra rẹ̀

Àìsàn ọkọ̀ tó ṣòro mọ̀ jù ni èyí tí kì í dúró de mẹkáníìkì. Ọkọ̀ á gbéra ní Àjàṣẹ́, á kọjá Sákétè wọ́ọ́rọ́wọ́, kó tó dé Ìpóbẹ̀ ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ lójijì. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò ní sí ohun tí ojú lè rí mọ́, ni wọ́n á bá máa méfò: bújì lónìí, pọ́ǹpù epo lọ́la. Owó ń lọ, àìsàn kò lọ.

Ooru ló sábà máa ń wà nídìí irú èyí. Nínú ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà gan-an, wáyà tín-ín-rín inú kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń fún bújì níná, lè ti gbó. Bó bá gbóná, ó ń fẹ̀, ojú ibi tó ti sán á là, iná á já. Bó bá tutù, ojú méjèèjì á tún kan ara wọn. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè wà nínú sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí kírááńkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ṣe ń yí, ara ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló sì lẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí kọ̀ǹpútà kò bá gbúròó sẹ́ńsọ̀ yìí, kò ní tanná, kò sì ní da epo.

Ìgbà tí ọkọ̀ kú gan-an ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó tutù. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì dáná sí i, kí ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀: pọ́ǹpù epo gbọ́dọ̀ kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó bá dákẹ́, kí ẹnì kan gbá abẹ́ táńkì jẹ́jẹ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń dáná. Bó bá jí, pọ́ǹpù náà ti gbó. Bó bá ń kùn dáadáa, kí mẹkáníìkì wò ó bóyá bújì ṣì ń ta iná. Bí kò bá ta, ọ̀nà kọ́ìlì àti sẹ́ńsọ̀ ni kó gbà.

Bó ṣe kú náà ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó dákẹ́ lójijì, iná ló sábà já. Èyí tó ń ta gìrì, tí kò lágbára láti gun òkè, ebi epo ló sábà ń pa á: bóyá fílítà ti dí, bóyá omi wà nínú kpayo, epo fàyàwọ́, tí wọ́n rà nínú ìgò létí títì.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí bátìrì àti wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀, torí kò náni ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹ má yọ orí bátìrì kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ ka kọ́ọ̀dù, ìyẹn àmì àìsàn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀, nítorí ó lè pa ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ sílẹ̀ rẹ́. Kọ́ọ̀dù P0335 ń tọ́ka sí ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ kírááńkì, pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Bí wọn kò bá sì rí kọ́ọ̀dù kankan, ìyẹn kò dá sẹ́ńsọ̀ náà láre, torí iná tó já fún ìṣẹ́jú àáyá kan lè má pẹ́ tó kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀.