Àlàyé Ọ̀rọ̀: Ojúṣe Àjùmọ̀ní Tí Kò Dọ́gba

Nínú ìwé àdéhùn lórí àyípadà ojú-ọjọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè buwọ́ lù ní Rio de Janeiro lọ́dún 1992, gbólóhùn kan wà tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán dòní: pé ojúṣe gbogbo wa ni láti dáàbò bo ojú-ọjọ́, ṣùgbọ́n pé ìwọ̀n ojúṣe náà kò dọ́gba, àti pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣáájú. Ojúṣe àjùmọ̀ní ni, nítorí pé òfuurufú kan náà ló bo gbogbo ayé. Kò dọ́gba, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í dáná.

Gáàsì carbon dioxide tí iná èédú àti epo rọ̀bì ń tú jáde, tó ń mú ayé gbóná, kì í tètè kúrò lójú òfuurufú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìdí nìyí tí èédú tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jó ní igba ọdún sẹ́yìn fi wà nínú ìṣirò òní. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ìgbà náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ ti Amẹ́ríkà nìkan, nígbà tí ti Áfíríkà lápapọ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún.

Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín ogún nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè mọ ibi tí ìjà wà, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ìdí-igi, tí a fi iye ìyàwó pín, ọ̀tọ̀ ni orí-ò-jorí, tí a fi iye ọmọ pín. Bí a bá ka orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sí ìdí-igi kan, Ṣáínà ló ń tú èéfín jáde jù lọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á ní orí-ò-jorí, ti ará Amẹ́ríkà kan ju ti ará Ṣáínà kan lọ, ti ará Íńdíà sì kéré gan-an sí ti àwọn méjèèjì. Ìṣirò tó bá gbè é ni ìjọba kọ̀ọ̀kan ń mú dání wá sípàdé.

Ọ̀rọ̀ owó ló tún le jù. Ní ìpàdé lórí ojú-ọjọ́ tó wáyé ní Copenhagen lọ́dún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí pé, tó bá fi máa di 2020, ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù dọ́là ni àwọn yóò máa kó jọ lọ́dọọdún fún àwọn tí kò ní. Ọdún 2022 ni wọ́n tó bá a, ẹ̀yáwó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí a yá lówó kó fi tún ilé tí iná ẹlòmíràn jó kọ́ kò tíì rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Lọ́dún 2022 yìí kan náà, tí omíyalé pa èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ní Nàìjíríà, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò nípàdé Sharm el-Sheikh, nílẹ̀ Íjíbítì, láti dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ bá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ òfin àpò náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó náà kì í ṣe owó ìtanràn.