Paul Bowles àti Jane: tọkọtaya wo nìyí?

Ta ni Paul Bowles, kí ló sì gbé e dé Mòrókò?

Ọmọ New York ni, 1910 ni wọ́n bí i. Orin ló kọ́kọ́ fi ń jẹun kó tó di òǹkọ̀wé. Gertrude Stein, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà tó fi Paris ṣe ilé, ló ní kó lọ wo ìlú Tangier ní Mòrókò ní 1931. Ó lọ, ó padà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ní 1947 ó kó ẹrù rẹ̀, ó di ará ibẹ̀. Nígbà tó kọ ìwé àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tán, àwọn atẹ̀wé tó ti sanwó fún un sílẹ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n ní kì í ṣe ìwé àròsọ. Ìwé yẹn náà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ lẹ́yìn 1949.

Wọ́n ní ó níyàwó, wọ́n tún ní ọkùnrin ló ń fẹ́. Èwo ni òótọ́?

Méjèèjì ni. Ní 1938 ló fẹ́ Jane Auer. Òǹkọ̀wé ni Jane náà, ìwé tirẹ̀ sì ti jáde ní 1943, ṣáájú ti ọkọ rẹ̀. Obìnrin ni ọkàn Jane máa ń fà sí, ọkùnrin ni ti Paul, kò sì sí èyí tó fi tirẹ̀ pamọ́ fún ìkejì. Paul ń bá Ahmed Yacoubi rìn, ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán ará Fez. Cherifa tó ń ta ọkà lọ́jà Tangier ni Jane fẹ́ràn. Ilé kan náà ni tọkọtaya ń gbé, yàrá wọn ló yàtọ̀: Paul lókè, Jane nísàlẹ̀. Tó bá di alẹ́, ọkọ á sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó.

Ìgbéyàwó ojú ayé lásán ni, àbí?

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1957, nígbà tí Jane jẹ́ ẹni 40 ọdún, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ojú rẹ̀ bàjẹ́, ìwé kíkà di ìṣòro, ìwé kíkọ náà sì le fún un. Paul ń gbé e kiri ilé ìwòsàn fún ọdún 16.

Ṣé lóòótọ́ ni Cherifa fi oògùn ṣe Jane?

Ariwo tí ìlú ń pa nìyẹn. Paul fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n bá àdìpọ̀ kan nídìí òdòdó inú ìkòkò nílé Jane, irun àti èékánná wà nínú rẹ̀. (Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sétí wa.) Àmọ́ Jane ti ń mu ọtí gan-an tipẹ́tipẹ́, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi di gbogbo ẹ̀bi lé obìnrin ọlọ́kà lórí.

Ṣé Paul tún fẹ́ ẹlòmíì?

Rárá. Málaga ní Sípéènì ni Jane kú sí ní 1973. Paul dúró sí Tangier láìní tẹlifóònù. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á wá kan ilẹ̀kùn. Mohammed Mrabet, asọ̀tàn ará Mòrókò tí kò mọ̀wé kà, máa ń sọ ìtàn sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, Paul á sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Paul kú ní 1999, ní ẹni 88 ọdún. Wọ́n gbé eérú rẹ̀ lọ sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òbí rẹ̀ ní Lakemont, New York. Málaga ni ibojì Jane wà.