Ohùn Òkè Lórí Pitā́: Orírun Ọ̀rọ̀ Sanskrit fún Bàbá

Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ fún bàbá nínú ìwé atúmọ̀-èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, yóò bá pitṛ́ níbẹ̀, nítorí pé ìdí ọ̀rọ̀, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí a ń fi àfikún sí, ni ìwé náà máa ń tò. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá jẹ́ olùwà gbólóhùn, pitā́ ni, bó bá jẹ́ àbọ̀, pitáram ni, bí ọmọ bá sì ń ké sí bàbá rẹ̀, pítar ni. Mo bẹ òǹkàwé kó má fojú fo àmì orí àwọn fáwẹ̀lì wọ̀nyí. Nínú Sanskrit àtijọ́ ti Veda, àwọn orin mímọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ohùn máa ń ga lórí sílébù kan nínú ọ̀rọ̀, àwọn onígírámà Íńdíà sì pe gíga náà ní udātta. Àwa tí a ń sọ Yorùbá mọ ohun tí ohùn òkè jẹ́, kò sì ní ṣòro fún wa láti mọyì iṣẹ́ tí èyí ṣe.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1786, adájọ́ kan tó ń jẹ́ William Jones sọ ní Kolkata pé Sanskrit, Gíríìkì àti Látíìnì jọra kọjá èèṣì, pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀, bóyá orísun náà kò tilẹ̀ sí mọ́. Gíríìkì ní patḗr, Látíìnì ní pater, Páṣíà ní pedar. Síbẹ̀, ìjọra nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni pé ìyàtọ̀ àárín wọn ń tẹ̀lé òfin. Ní 1822, onímọ̀ èdè Jacob Grimm ṣàlàyé pé ibi tí Sanskrit àti Látíìnì bá ti ní p, f ni àwọn èdè ìdílé Jámánì ń ní, bí i f tó bẹ̀rẹ̀ father ti Gẹ̀ẹ́sì, àti pé t a máa di th.

Òfin yìí kọsẹ̀ níbì kan. Nínú Gothic, ọ̀kan lára àwọn èdè àtijọ́ ìdílé Jámánì, arákùnrin ni brōþar, tí þ rẹ̀ ń dún bí th, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ṣùgbọ́n fadar ni bàbá, d ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ t kan náà ni Sanskrit ní nínú àwọn méjèèjì. Karl Verner, ọmọ Denmark, ló tú kókó náà nínú àpilẹ̀kọ tó kọ ní 1875. Nínú bhrā́tā, arákùnrin, ohùn òkè ṣáájú t; nínú pitā́, ẹ̀yìn t ló wà. Ibi tí ohùn òkè bá ti ṣáájú, th ló jáde. Ibi tí kò bá ti ṣáájú, d ni. Ohùn náà ti parẹ́ ní èdè Jámánì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó fà ṣì wà títí di òní: d ni wọ́n ń pè nínú Bruder, arákùnrin, t nínú Vater, bàbá. N kò mọ ẹ̀rí mìíràn tó wú mi lórí tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ àwa tí a ń wá orírun ọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí i fi wà nínú pitā́, tí a sì wà nínú pater? Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ní èdè ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn orísun kan náà tí Jones sọ. Ìró kan láti ọ̀nà ọ̀fun ló wà níbẹ̀, tí a ń kọ báyìí: *ph₂tḗr. Ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ túmọ̀ sí pé a kò rí ọ̀rọ̀ náà kà níbì kankan, a kàn fi òfin ṣírò rẹ̀ ni. Ní 1879, onímọ̀ èdè Ferdinand de Saussure fi ìṣirò nìkan sọ pé irú ìró bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1927, onímọ̀ èdè mìíràn, Jerzy Kuryłowicz, tọ́ka sí i nínú èdè Hittite, tí wọ́n hú wàláà amọ̀ rẹ̀ ní Túrkì.

Ní ti ìtumọ̀, Yāska, onímọ̀ Íńdíà àtijọ́, so pitā́ mọ́ pā, ìyẹn láti dáàbò bò. Èmi gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pa tí ìkókó ń fi ètè pè ni wọ́n fi ìparí ọ̀rọ̀ ẹbí kún, èyí tó tún wà nínú mātā́, ìyá. Ètè ọmọdé yìí kan náà ló mú kí bàbá tiwa àti baba ti Túrkì dún bákan náà. Kò sọ wá di ìbátan wọn, nítorí kò sí òfin ìró kankan tó so wọ́n pọ̀.

Dyáuṣ pitā́, Bàbá Ojú-Ọ̀run, wà nínú Rigveda, ọ̀kan lára àwọn Veda. Òun náà ni Látíìnì ń pè ní Iuppiter, tí Gíríìkì ń pè ní Zeus. Bí àwọn ènìyàn inú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, bá sì ń ké pè é, Zeû páter ni wọ́n ń wí, pẹ̀lú ohùn òkè lórí sílébù àkọ́kọ́ páter, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Íńdíà àtijọ́ ṣe ń ké pítar sí bàbá tirẹ̀.